Ohun Tí A Kò Sọ fún Ọ Kí O Tó Lọ sí Họ́ńgíkọ́ńgì

Mọ́ṣì Sóńgò,
Kùmáásì.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn Àyílà.

Ràmọ́tù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọkọ mi,

Kí Ọlọ́hun má mú àánú rẹ̀ jìnnà sí ọ níbi tí o wà ní Họ́láńdì. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lo ti ń ṣí ìwé yìí, ká a padà, fi í sínú báàgì rẹ, ó di ilé. Bó bá jẹ́ ilé lo wà, ti ilẹ̀kùn kí o jókòó. Mo ní kí o jókòó, Ràmọ́. Mo mọ̀ ọ́, orí ìdúró lo ti máa ń ka ìwé.

N kò ní í yí ọ̀rọ̀ po. Bàbá yín ti kú. Wọ́n ti kú kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Họ́ńgíkọ́ńgì fún ìdíje yín. A ti sin wọ́n, a ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, a ti ṣe ti ogójì. Gbogbo Sóńgò ló mọ̀. Àwọn oníbàárà wọn ní àdúgbò Krofrom mọ̀, obìnrin tó ń ta kókó lẹ́nu ọ̀nà wa mọ̀. Ìwọ nìkan ni a kò sọ fún, ìwọ tí wọ́n fẹ́ràn jù.

Sunkún. Má pa á mọ́ra. Gbé ìwé yìí sílẹ̀ kí o sunkún dáadáa, lẹ́yìn náà kí o padà wá gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Lẹ́tà rẹ tó dé ní ọjọ́ Àtìní ló mú mi kọ èyí. O ní ilé àwọn arúgbó tí o ti ń ṣiṣẹ́ ti gbà ọ́ wọlé pátápátá, pé o ti kúrò ní ẹni tí wọ́n ń pè wá pè lọ. Alihamudulilai. O ní wọ́n tún ti mú ọ sínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí yóò gbá rọ́gíbì ẹlẹ́ni-méje fún Họ́láńdì, pé ẹ ó tún bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn pàdé láìpẹ́. Mo ń kà á, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń pe oríkì rẹ ní èmi nìkan. Ìsàlẹ̀ ìwé náà ni mo wá dé. O ní o ti rí jákẹ́ẹ̀tì kan tí o fẹ́ rà fún Bàbá, irú èyí tí ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù máa ń wọ̀, tí àmì ẹgbẹ́ yín wà láyà rẹ̀. O ní kí n fi okùn wọn apá wọn láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, kí n fi ránṣẹ́, kó má baà gùn jù.

Ràmọ́, apá ta ni kí n wọ̀n?

Mo pe Súlè ẹ̀gbọ́n rẹ, mo pe Alfa Yàyá, ọ̀rẹ́ bàbá yín, àwọn tó kọ́ ọ ní kéwú. Mo ka ìwé náà sí wọn létí. Alfa mi orí, wọ́n ní kí a ní sùúrù, pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣeé kọ sínú ìwé, pé nígbà tí o bá wálé ni a ó pe àgbà jọ, a ó sì fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún ọ. Wọ́n ní ta ni yóò gbá ọ mú ní Họ́láńdì bí o bá ṣubú? Mo ní, ‘Kí n wá fèsì kí ni lórí apá yìí?’ Ǹjẹ́ o mọ ohun tí Súlè wí? Ó ní, ‘Màmá, ẹ wọn tèmi. Èmi àti Bàbá la jọ ga bákan náà.’ Ó na apá rẹ̀ sí mi.

Èmi ò mọ ìgbà tí mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní kó gbé apá rẹ̀ kúrò níwájú mi. Ọmọ dáadáa ni, kò fi ibi rò ó, ṣùgbọ́n orí mi gbóná. Alfa ní kí n ṣe àlùwàlá, kí n ṣe àsíkírì. Mo ṣe é, inú mi kò sì rọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó síhìn-ín tí mo ń kọ̀wé láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí wọ́n bá bínú, kí wọ́n bínú.

Ó yẹ kí o gbọ́ bí bàbá yín ṣe lọ. Àyà ló ń dùn wọ́n. O mọ̀ wọ́n, wọn kì í ráhùn. Wọ́n á ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Réèsì Kọ́ọ̀sì, wọ́n á jókòó sáàárín ìṣó àti àgádágodo wọn, bí oníbàárà bá dé wọ́n á dìde, bó bá lọ tán wọ́n á fọwọ́ dáyà. Nígbà tí kò ṣeé fi pamọ́ mọ́ ni Súlè gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n ní kí wọ́n máa sinmi, a gbé wọn wálé. Orí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé níbí ni wọ́n ti ń bi mí pé, ‘Ìgbà wo ni Ràmọ́ ń lọ sí ìdíje yẹn?’ Bí mo bá sọ, kò ní í pẹ́, wọ́n á tún bi mí.

Ní ọjọ́ kan wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn. Wọ́n ní, ‘Ìyá Súlè, bí nǹkan bá ṣe mí, ẹ kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ yẹn títí wọn ó fi gbá a tán.’

Mo ní, ‘Bàbá Súlè, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ni yóò ṣe yín?’

Wọ́n ní, ‘Èèyàn méje péré ni wọ́n lórí pápá. Bí ọ̀kan bá ń sunkún, ta ni yóò di ààyè rẹ̀ mú?’

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an nìyẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kírun Àṣùbáà lórí ìjókòó, wọ́n sálámà, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé omi wá. Kí n tó gbé omi dé, wọ́n ti lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, a ti gbé wọn dé ìtẹ́. O mọ̀ bí ti àwa Mùsùlùmí ṣe rí, a kì í tọ́jú òkú sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni. Bí a bá tilẹ̀ sọ fún ọ láàárọ̀ yẹn, o kò lè bá wọn. Èyí ni Alfa Yàyá fi ń tù mí nínú. Èmi náà fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan ni pé o kò lè bá wọn, ohun mìíràn ni pé o kò mọ̀.

Ó wá ku ọjọ́ Jímọ̀ tí o ní wàá pè kí o tó lọ. Mo wà nínú opó, aṣọ funfun ló wà lọ́rùn mi, obìnrin tó wà nínú tàkábà kì í sì jáde lásán. Alfa ní ọ̀sán gangan ni, pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré, kí n lọ, nítorí bí o kò bá gbọ́ ohùn mi, wàá fura. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde kúrò nínú opó ọkọ mi láti lọ purọ́ fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń gba fóònù ní Réèsì Kọ́ọ̀sì, obìnrin Àṣàǹtì tó ni ibẹ̀ rí aṣọ lára mi, ó dìde, ó di ọwọ́ mi mú, ‘Maame, due, due.’ Ẹnu ìbákẹ́dùn yẹn ló wà tí fóònù fi dún.

O ní, ‘Maame, ɛte sɛn?’ Mo ní a wà dáadáa. O ní, ‘Na Paapa wɔ hen? Bàbá dà?’

Mo ní, ‘Wọ́n lọ sí mọ́ṣáláṣí.’

O rẹ́rìn-ín. O ní, ‘Bàbá àti mọ́ṣáláṣí! Ẹ ní kí wọ́n fi wá sádùúà o.’ Mo ní wọn yóò ṣe é. Obìnrin yẹn kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń wo ojú mi, ó sì yí ojú tirẹ̀ kúrò.

O tún pè nígbà tí ẹ padà dé láti Họ́ńgíkọ́ńgì. Ohùn rẹ ti há, ìdùnnú sì kún inú rẹ̀. O ní ẹ kò gba ife ńlá, àwọn tó fìdí rẹmi lọ́jọ́ kìíní ni wọ́n ń dá ife kékeré sílẹ̀ fún, òun lẹ gbà, pé ìwọ lo sá gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá gbogbo wọn tí o fi gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà wọn kẹ́yìn. ‘Màmá, ẹ bá mi sọ fún Bàbá. Ẹ má gbàgbé o!’ Mo délé, mo dúró níwájú fìlà wọn tó wà lórí ìṣó, mo sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ojú ara mi tì mí.

O rò pé wọn ò bìkítà fún eré rẹ, àbí? Torí pé wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lórí fóònù. Ọjọ́ tí fídíò àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́ dé, a gbé tẹlifíṣọ̀n sí àgbàlá lẹ́yìn Àlàásárì, gbogbo ilé jáde. Ọmọbìnrin fìrìgbọ̀n kan fò mọ́ ọ, ó dá ọ dùbúlẹ̀, mo figbe ta, ‘Yéè! Wọ́n ti pa á!’ Bàbá yín ní, ‘Jókòó jàre. Ó ti dìde.’ Láti ọjọ́ náà wọ́n wò ó títí àwòrán rẹ̀ fi ń já. Àwọn ni wọ́n ń ṣàlàyé fún ará ilé: méje níhìn-ín, méje lọ́hùn-ún, pápá náà sì fẹ̀ tó ti àwọn ẹlẹ́ni-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìṣẹ́jú méje péré, wọ́n á mí díẹ̀, wọ́n á tún gbá méje mìíràn. Wọ́n á ní, ‘Wọn kì í ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹni tó wà lẹ́yìn wọn ni wọ́n ń jù ú sí. Ẹ má wò ó bíi fútúbọ́ọ̀lù.’ Wọ́n á máa bínú sí ẹni tí kò bá tètè gbọ́ ọ yé.

Wàyí o, kò tíì tán. Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí nípa ìyá tó bí mi.

Oyún rẹ wà nínú mi nígbà tí ìyá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n má sọ fún mi ní Kùmáásì níbí, kí oyún má baà bàjẹ́ lára mi. Mo bí ọ, wọn kò sọ. Mo ń fún ọ lọ́mú, wọ́n ní kí ọmọ kọ́kọ́ gbó ná. Lọ́rí tó bá ń lọ sílé, mo ń fi ọṣẹ àti aṣọ rán an sí ìyá mi. Wọ́n ń gbà á, wọ́n á ní, ‘Màmá ní àwọn dúpẹ́, àwọn ń kí ọmọ.’ O ti ń rìn nígbà tí obìnrin kan láti agbo ilé wa wá ra ọjà ní Kùmáásì. Ó bá mi níbi tí mo ti ń gé aṣọ. Ó ní ta ni mo ń gé e fún, mo ní ìyá mi ni. Ó ní, ‘Ìyá rẹ wo?’

Báyìí ni mo ṣe mọ̀, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí o ń fa etí aṣọ. Mo ti ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí òkú, òkú sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló pàṣẹ pé kí wọ́n má sọ fún mi. Mo bínú sí i, Ràmọ́. Mo bínú débi pé mo búra pé n kò ní í tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ó ránṣẹ́ sí mi, n kò dáhùn. Ó wá ẹni bẹ̀ mí, n kò gbà. Mo jókòó sí Kùmáásì pẹ̀lú ìbínú mi títí wọ́n fi wá sọ fún mi pé òun náà ti kú. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ, mo sì bá sàréè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà èwe mi ni, mo rò pé ìbínú á jẹ́ kó mọ bó ṣe dùn mí tó. Ó ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n. Kí ni mo rí gbà níbẹ̀?

Wàá ní, ‘Màmá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ báyìí, kí ló dé tí ẹ tún fi ṣe é fún mi?’ Ìbéèrè rẹ dára. Mo ti bi ara mi. Àṣẹ bàbá yín ni, mo sì tẹ̀lé e títí dé ibi tó parí sí, pé kí ẹ gbá a tán. Ẹ gbá a tán, n kò sọ. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ dé, mo ní kí o sinmi ná. Ẹnu mi ló wúwo. Àwọn tó pa á mọ́ fún mi nígbà náà, ó jọ pé bó ṣe rí fún àwọn náà nìyẹn.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ ló ti ń jáde.

Èkínní, lọ́la, sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù pé bàbá rẹ ti kú. Má ṣe bí o ti ṣe ọ̀rọ̀ èjìká. O rántí? O kọ ọ́ sí wa pé èjìká rẹ yẹ̀ nínú ìdíje kan, o kò sọ fún ẹni tó ń kọ́ yín kí wọ́n má baà yọ ọ́. Ọmọbìnrin kan sá gba ọ̀dọ̀ rẹ, apá yẹn kò lè mú un, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe pàdánù. O kọ ọ́ bíi pé akin lo ṣe. Bàbá yín kà á tán, wọ́n ní, ‘Ìṣe ilé wa nìyí,’ wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Mẹ́fà tó kù yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ń ṣàárẹ̀. Àwọn náà mọ bí wọ́n ṣe ń súnra kún ààyè. Bàbá yín bẹ̀rù pé kò ní í sí ẹni tó máa di ààyè rẹ mú, ṣùgbọ́n a kò bi àwọn mẹ́fà náà.

Èkejì, má fi eré náà sílẹ̀ nítorí èyí. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí o lọ gbá a nítorí bàbá rẹ. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá wúwo, sọ pé ó wúwo, kí o jókòó, kí ẹlòmíràn wọlé. Ohun tí o lè ṣe fún wọn kò sí lórí pápá. Kírun, tọrọ àforíjì fún wọn, ṣe sàráà ní orúkọ wọn, kó mọ níwọ̀n.

Nípa ṣòkòtò péńpé tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù, mo ti sọ̀rọ̀ tó, mo ti pariwo tó. Kò sí ohun tí mo lè fi kún un. Ìwọ fúnra rẹ lo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gígùn sábẹ́ rẹ̀, mo rí i nínú fídíò kejì, Ọlọ́hun á bù kún ọ. Èmi náà sáré rí ní ilé-ìwé níbí, kò sí ọmọbìnrin tó ń bá mi, wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ń hàn, mo sì jáwọ́. Títí di òní, bí mo bá rí ilẹ̀ títẹ́jú, ó máa ń ṣe mí bákan. Mi ò fẹ́ kó ṣe ìwọ náà bẹ́ẹ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì yẹn, bí o bá ti rà á, má dá a padà. Wọ̀ ọ́ fúnra rẹ, òtútù ibẹ̀ pọ̀.

Bí o bá délé ọkọ tí o sì bímọ, sọ òótọ́ fún wọn ní ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n sunkún nígbà tí àwọn yòókù ń sunkún. Èmi ti sọ fún Súlè níwájú Alfa pé ọjọ́ tí tèmi bá dé, kí wọ́n tó bu omi tí wọn ó fi wẹ̀ mí, kí ó ti pè ọ́. Kí ìdíje kan má jẹ́ nǹkan kan. Kí wọ́n jí ọ, kí wọ́n pè ọ́ kúrò lórí pápá. Mo ní kó búra, ó búra.

Ó ti rẹ̀ mí, ìlà ìwé mi ti wọ́. Mo mọ̀ pé inú rẹ kò ní í dùn sí mi. Wàá rántí gbogbo ohun tí mo sọ lórí fóònù, lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá sì máa pè wọ́n ní irọ́, irọ́ náà ni wọ́n. Mi ò ní kí o má bínú. Mi ò lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Àmọ́ má jókòó sí Họ́láńdì bínú sí mi, Àbẹ̀kẹ́, n kò lè fara dà á, mo ti dàgbà. Gba ààyè níbi iṣẹ́ kí o máa bọ̀. Bí o bá fẹ́, má kí mi. Bí o bá fẹ́, má jẹ oúnjẹ mi. Wá bínú sí mi nínú ilé níbí, kí n máa rí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Súlè.